Mìsì Tó Kọ́ Orí Wa ní Ìrántí

Lánàá, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ olùkọ́ jókòó tì mí, ó ń ka ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ sí mi létí: pé ohun tí ọmọdé bá fúnra rẹ̀ wá jáde nínú orí ni í dúró, kì í ṣe èyí tí a ń rọ́ sí i létí, àti pé ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí a tó padà sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìmọ̀ yìí ti dé Fìdítì kí a tó bí àwọn ìyá yín.

Orin ni a fi ń kọ́ ìṣirò nígbà èwe mi, ohùn mi ló sì máa ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ẹyọ kan láàárín, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè, bí ẹni tí kò lè dé ilé aládùúgbò àfi bó bá kọ́kọ́ padà sí ẹnu ibodè ìlú; ọ̀rọ̀ ibodè yìí ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi máa ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Bí mo ṣe fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Baba mi, àgbẹ̀ ọlọ́sàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dájọ́ fún mi: “Àbẹ̀kẹ́, bí o bá tún fìdí rẹmi, Akínmọ̀rìn ni, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gẹ́ kì í béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó ń bó o.”

Ọdún náà ni Mìsì, olùkọ́ wa obìnrin tuntun, dé láti Ìlọrà, tòun ti aṣọ tí ó fi sítáàṣì lọ̀ gan-an-ran. Ó dá orin dúró. Ó ní kí a da síléètì dojú bolẹ̀, kí a sọ ohun tí a kọ́ lánàá, yóò sì dákẹ́ títí òógùn yóò fi bò wá. Kì í na ẹni tó bá ṣì í. “Má wojú mi,” ni yóò wí, “orí rẹ ni kí o wò.” Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, yóò tún padà sí ẹ̀kọ́ àtijọ́. Àwọn òbí ń kùn pé ọ̀lẹ ni, pé àkàrà àná ló ń tún dín tà. Baba mi ló rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà jù.

Nígbà tí alábẹ̀wò ilé-ìwé dé láti dán wa wò, àwọn òbí dúró lójú fèrèsé. Èmi ló nàka sí: méje lọ́nà mẹ́jọ. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ó ti ń lọ sí ibodè nìyẹn.” Mo dijú.

“Ẹ̀rìndínlọ́gọ́ta, sà.”

Ó bi mí ní òmíràn, ó tún bi mí ní òmíràn, níwá lẹ́yìn. Ọ̀kan kò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Baba kò yìn mí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ bí ó ti ń ránṣẹ́ sí Akínmọ̀rìn: “Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́. Ìwé ni Àbẹ̀kẹ́ yóò máa kà.”

Mo kà á, mo sì fi iṣẹ́ olùkọ́ dàgbà. Síléètì ti kúrò nílẹ̀, fóònù ló gbapò rẹ̀. Orí tí Ẹlẹ́dàá dá ni kò yí padà: ó ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò bi í léèrè, tí yóò sì ní sùúrù láti dúró de ìdáhùn.