Òógùn Bàbá Ráfátù

Ọ̀pọ̀ ọdún tí Yàkúbù fi jókòó ta aṣọ ní ọjà Adum, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò sórí àga. Nígbà tí dókítà ní kó máa lo ara kó lè máa làágùn, ó ra bàtà kánfáàsì, ó ń sáré kiri Aboabo, àdúgbò wọn, láàárọ̀ bí ẹyẹlé tó yó jù. Sàwúdátù, ìyàwó rẹ̀, pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà.

"Bàbá Ráfátù, ẹ ń wá òógùn kiri, apẹ̀rẹ̀ iṣu sì ń bẹ lórí mi."

Ojú tì í, ó gbà á rù. Láti ìgbà náà, òun ló ń rù ú lójoojúmọ́. Nígbà tí ikùn rẹ̀ fà wọlé, ó ń fọ́nnu ládùúgbò pé ọgbọ́n òun ni. Sàwúdátù pòṣé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń rẹrù, ó rò lọ́kàn, kì í fọ́nnu.