Ọjọ́ Tí Bàbá Dámilóhùn Pe Áísì Títí

Bàbá Dámilóhùn ti sùn nínú Olúwa, ṣùgbọ́n àdúgbò kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tó fi odidi òwúrọ̀ pe ohun tí kò tó èékánná, tí kò sì dá a lóhùn. Áísì ni, ègé dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ inú ẹ̀rọ, èyí tí ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ tó ń ya òdòdó sára aṣọ fi ń rántí gbogbo àrà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣàdédé kú. Àrà ọdún mọ́kànlá wà nínú áísì yẹn, obìnrin náà kò sì kọ ọ̀kankan sínú ìwé. Bí wọ́n bá ṣègbé, abẹ́rẹ́ lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

Bàbá yọ áísì náà kúrò lára bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n jó o mọ́ nínú ẹ̀rọ, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó pè é. Áísì dákẹ́. Ó tún pè é. Áísì tún dákẹ́.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì òpópónà yọjú, ó ní áísì ti kú, kí wọ́n jù ú nù. Bàbá ní kí ó kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé ná. Ọkùnrin náà padà síta, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kí wọn, ó ní áísì ti kú.

Bí Bàbá ti rí nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá áísì sọ̀rọ̀ ló fẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ̀rọ̀. Wáyà méjì péré ni: ọ̀kan ń ka ìgbà, èkejì ń gbé ọ̀rọ̀. Áísì kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láé. Kọ̀ǹpútà ni yóò kéde pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, tí yóò pe áísì ní àdírẹ́sì rẹ̀, tí yóò sì dúró kó jẹ́ ìpè. Bí ó bá jẹ́ ìpè náà, kọ̀ǹpútà yóò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, yóò tún dúró. Nílé Bàbá, bí o bá fẹ́ iyọ̀, o ó pe ẹni tí iyọ̀ wà níwájú rẹ̀, o ó dúró kó jẹ́ ọ, kó o tó dárúkọ iyọ̀. Oúnjẹ wọn kì í gbóná rí.

Dókítà kan bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó jẹ, lẹ́ẹ̀kan náà.

“Orúnkún,” ni Bàbá wí. “Ẹ sọ pé ẹ gbọ́, kí n tó bọ́ sí èkejì.”

Dókítà kọ oògùn orúnkún fún un, ó sì lo oògùn ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ áísì, ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ tábìlì nígbà tó di ọ̀sán. Ó tẹjú mọ́ áísì bí aránṣọ ṣe ń wo etí aṣọ.

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí ńkọ́? Wọn ò kan ibì kankan.”

“Ibi tí a bá so wọ́n mọ́ ló ń sọ àdírẹ́sì rẹ̀,” ni Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́ta náà so mọ́ wáyà ilẹ̀, ọ̀kan so mọ́ wáyà iná.

“Ta wá lẹ ti ń pè láti àárọ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Bàbá tó ń tọ́ gbogbo ayé sọ́nà ti ń pe àdírẹ́sì òdì láti àárọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ti yẹ, ó pe àdírẹ́sì tó tọ́, áísì sì jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Àrà mọ́kànlélógójì jáde, ọ̀kan kò sọnù.

Láti fi tọrọ àforíjì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àrà kejìlélógójì sínú àyè tó kù nínú áísì náà: òdòdó kan, ewé márùn-ún. Ewé kẹta fẹ̀ bí etí erin. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá òdòdó ni àbí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní rúlà lòun fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọbìnrin wọn ra ẹ̀rọ tuntun fún ìyá rẹ̀, ó ń kó àwọn àrà náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó dúró.

“Màmá, ewé kẹta yìí ò dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó wí. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì ya òdòdó náà bó ṣe wà sí àyà aṣọ tó ń rán fún ara rẹ̀.