Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Tí Rọra Yàn

Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kí i, á ti gbọ́ "Rọra!" Ìṣó inú aago kéré púpọ̀, èémí lásán lè gbé e lọ. Mo máa ń jókòó tì í láàárọ̀, torí ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ ìrìn mọ́.

Rédíò kan wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi orin fayolíìnì àti dùùrù sí i, irú èyí tí kò lọ́rọ̀ nínú. Obìnrin kan ló ń ṣe ètò náà tẹ́lẹ̀. Á dárúkọ orin, á dárúkọ ẹni tó lù ú, ó parí. Bí orin bá tán, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Inú ìdákẹ́ yẹn ni Rọra ti ń fi ìṣó sójú ihò.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀dọ́kùnrin kan kún un. Orin kò ní tíì tán tí á ti bẹ́ wọ inú rẹ̀: "Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó!" Rọra á ta gìrì, ìṣó á fò, àwa méjèèjì á máa fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri.

Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń rán bọ́tìnnì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fẹ́ràn ọmọ náà.

"Bàbá wọn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Orin ni mo fẹ́ gbọ́, ìyá wọn, kì í ṣe ìròyìn orin."

Ilé iṣẹ́ rédíò wá ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn làwọn fẹ́ máa lò. Àwọn méjèèjì á máa gbà á fún ara wọn lọ́sẹ̀ yẹn, kí olùgbọ́ pè wá yan èyí tó wù ú. Ìpè kan ni olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan ní.

Lọ́jọ́ kan, orin ń tẹ̀ lé orin, ẹnikẹ́ni kò la ẹnu nínú rédíò. Rọra parí aago kan tó ti ń bá a fà á látọjọ́ pípẹ́. Ìṣó kankan kò bọ́.

"Ẹ rí i? Obìnrin mi ti dé."

"Obìnrin wo?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ti rédíò."

"Ẹ pè é kó wá bá yín gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Lọ́jọ́ kejì, Rọra pè wọ́n lórí fóònù. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò. "Ẹni tó ṣètò lánàá ni mo fẹ́. Àwo orin tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ariwo nínú wọn."

"Ẹ ṣé o, bàbá!" Ọmọkùnrin yẹn ni, ohùn rẹ̀ há. "Èmi ni mo ṣe é. Ọ̀fun ló ń dùn mí lánàá, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń pààrọ̀ àwo ni. A ti kà yín mọ́ tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rọra tún pè láti yí i padà. Wọ́n ní ó ti yan tirẹ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ṣé àwo kan náà ni wọ́n ń lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò."

"Ta wá ni mo fẹ́ràn?"

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, ìpè tìrẹ ṣì wà nílẹ̀. Jọ̀ọ́, fi yan obìnrin yẹn."

"Èyí tí ọkọ mi ń pè ní obìnrin rẹ̀? Orí mi ò dàrú."

Rọra yọ gíláàsì tó fi ń wo inú aago kúrò lójú, ó da aṣọ bo aago tó ṣí sílẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni mo bi í.

"Ilé iṣẹ́ wọn."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Bí mo bá débẹ̀, bóyá màá mọ̀."

Ó dìde, ó jáde.