Ehoro Eléwúro

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Plateau ní ìlú Ṣábẹ̀, ó ń gé ilá. Ọ̀bẹ kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò mú mọ́. Ó nà án sí mi pé kí n bá òun pọ́n ọn, torí pé Ràfíù, àgbẹ̀ ará abúlé Kaboua kan tí mo kọ́ níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé, ti ṣèlérí láti mú ehoro wá fún òun. Mo ń ka ìwé kan lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀la. Kò bínú. Ó ní, "Olóróòro, ẹ̀yin náà àti ọ̀la yín." Ó gbé ọ̀bẹ náà sójú fèrèsé, ó fi òmíràn parí ilá rẹ̀, a sì jẹun. Lọ́sàn-án, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀. Kò jí mọ́.

Àwọn ọmọ wa wá, wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n sì padà síbi iṣẹ́ wọn. Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ilé ìdáná wà ní títì. Ọ̀bẹ náà ṣì wà lójú fèrèsé, n kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà iwájú ni mo ń gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa wi ẹran kan nínú àgbàlá rẹ̀. Òórùn irun tó ń jó gba orí ògiri kọjá, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fọwọ́ bo imú tí ẹ bá gbóòórùn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ó gbé mi lọ sí àgbàlá bàbá àgbà mi ní Kaboua, nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Àgbàlá náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Ilé amọ̀ mẹ́rin ló dojú kọ ara wọn, igi máńgòrò kan wà láàárín, ìkòkò omi wà lábẹ́ rẹ̀, ajá kan sì máa ń sùn ti ìkòkò náà. Mábínú lorúkọ ajá yìí. Bàbá àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń bá ara wọn fa ààlà oko. Ó ní nígbàkigbà tí òun bá ń pe ajá òun, òun ti bẹ ọkùnrin náà nìyẹn, láìjẹ́ pé òun dé ilé rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá wà nínú igbó, igbe tí ẹ óò máa gbọ́ ni, "Mábínú, lé e! Mábínú, gé e jẹ!"

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà ehoro. Tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ewé, tí wọ́n sì ti sun koríko etí oko, ibi tí ehoro lè sá pamọ́ sí kì í pọ̀ mọ́. Kì í gbẹ́ ihò bí òkété. Ìdí koríko ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án, á tẹ koríko náà títí tí á fi rí bí inú igbá, á sì na etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ lè rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ má rí i. Bàbá àgbà kì í wá ehoro fúnra rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ ló máa ń wá. Á bẹ̀rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan koríko tó tẹ́ náà, á sọ fún wa bóyá ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí gbogbo ọmọ Kaboua mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro gùn ju ti iwájú lọ. Tó bá ń sá gun òkè, kò sí ajá tó lè bá a. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ á fẹ́ ṣáájú orí, á sì máa kọsẹ̀. A máa ń ta àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ òkè, a ó wá gba ẹ̀yìn gun orí àpáta, a ó sì máa pariwo bọ̀ láti òkè. Mẹ́tìrì wa, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti ọ̀nà Pọ́bẹ̀, bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa. Ó ní ọgbọ́n orí kò gbà pé ohun tó ń sá á sá gun òkè. Ó dá dúró lókè, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí adènà bọ́ọ̀lù. Ehoro gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, Mábínú náà fẹ́ gba ibẹ̀. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ò ṣubú, òun jókòó ni.

Ní ọdún yẹn, bàbá mi pinnu láti yọ mí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Òwú pọ̀ lóko, ọwọ́ kò tó. Mẹ́tìrì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣe sẹ́tífíkà, ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn mọ́. Mo máa ń sọkún lẹ́yìn àká. Bàbá àgbà kò dá sí i. Ó kàn ní ká lọ mú ehoro kan, kí Mẹ́tìrì àti bàbá mi, ọmọ òun, wá jẹ ẹ́ pọ̀ nínú àwo kan.

A rí i mú. Nínú àgbàlá wa, ẹni tó bá tún ẹran ṣe ló ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀, á sun ún jẹ. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá àgbà kọ́kọ́ fà á lé mi lọ́wọ́. Mo wi irun rẹ̀ lórí iná, mo fi ọ̀bẹ ha á, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí awọ rẹ̀ fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo wá la ikùn rẹ̀. Ẹ ó rí àpò kékeré aláwọ̀ ewé kan lára ẹ̀dọ̀. Òróòro nìyẹn. Bàbá àgbà ti kọ́ mi pé a kì í fọwọ́ kàn án, ṣe la máa ń gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, ká jọ gbé wọn sọnù. Ojú mi wà lára ẹ̀dọ̀. N kò fẹ́ kí ìkankan bá a lọ. Mo fi èékánná fà á. Ó bẹ́ sínú ẹran.

Ìyá àgbà wà lọ́jà. Àbíkẹ́, ọmọ ilé kejì tó wá bá wa lọ ata, ló rí mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹran náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

"Ṣé ẹ̀dọ̀ lo fẹ́ jẹ ni," ó bi mí, "àbí ìwé lo fẹ́ kà?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gé ibi tí omi náà bà jù dànù, ó fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìyókù, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sì padà wá pẹ̀lú ewúro ní etí aṣọ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní tí ọbẹ̀ bá máa korò, kó ní ohun tí wọ́n á lè sọ pé ó mú un korò. Nígbà tí Ìyá àgbà dé, ìkòkò ti wà lórí iná. Ó tọ́ ọ wò, ó wo àwa méjèèjì, ó sì fi irú kún un.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi iyán kan ọbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àbíkẹ́ tó gbé omi dání sọ pé, "Ewúro ni, Bàbá."

Mẹ́tìrì ti ń jẹ tirẹ̀ lọ. Ó ní òun ò tíì jẹ ewúro láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun wá síbí, pé ìyá òun kì í se ọbẹ̀ kó má fi sí i. Bàbá mi wò ó. "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún?" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Láti orí ewúro, wọ́n dé orí òjò, láti orí òjò wọ́n dé orí òwú, kí ìsàlẹ̀ àwo tó hàn, wọ́n ti dé orí mi. Bàbá mi ní kí n parí ọdún náà.

Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Bàbá mi kò sì fi hàn pé òun mọ nǹkan kan, àfi ọjọ́ tí mo wá sọ fún un, lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà, pé Àbíkẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Ó ní, "Ọmọ tó bo òróòro mọ́lẹ̀ fún ọ yẹn? Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, Àbíkẹ́ kò jẹ́ kí n sún mọ́ ikùn ẹran kankan. Ìlúkílùú tí wọ́n bá gbé mi lọ, ewúro ló máa ń kọ́kọ́ gbìn sẹ́yìn ilé, kì í sì í se ehoro láìfi sí i. Ní gbogbo Ṣábẹ̀, n kò mọ ilé mìíràn tó ń se é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa rò pé àṣà ìlú ni. Àkọ́bí wa obìnrin sè é fún àwọn àna rẹ̀ ní Kútọnu, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé bí àwọn baba ńlá Ṣábẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Àbíkẹ́ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Olóróòro, ẹ ti di baba ńlá."

Oko kajú ló pọ̀ báyìí ní ibi tí a ti ń lé ehoro. Ẹja inú fírígò ni àwọn ọmọ ń rà lọ́jà, àwọn tó sì lè fẹ̀yìn ọwọ́ mọ ibùsùn ehoro kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òkè wà níbi tó wà. Tí wọ́n bá lé ehoro lónìí, òkè náà ló ṣì máa sá gùn.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Ràfíù gun alùpùpù dé. Ó gbé àpò kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, kò wo ojú mi. Ó ní òun ti ń rò ó bóyá kí òun mú un wá tàbí kí òun má mú un wá. "Ṣùgbọ́n Màmá ló rán mi níṣẹ́ ẹ̀, Bàbá. Wọn ò sọ fún mi pé kí n má jẹ́ ẹ mọ́." Ó ní òun lè bá mi tún un ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sóko.

Mo ṣí ilé ìdáná. Mo mú ọ̀bẹ lójú fèrèsé, mo wá òkúta rẹ̀, mo pọ́n ọn títí ó fi mú. Mo dá iná, mo wi ehoro náà, mo ha á, mo fọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo la ikùn ẹran náà. Òróòro wà níbi tó máa ń wà. Mo gé ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn, mo gé e tó pọ̀, ju bí Bàbá àgbà ṣe kọ́ mi lọ. Ó jáde lódindi. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbé e sọnù.

Ẹran náà mọ́. Kò sí ìkorò kankan lára rẹ̀.

Mo nu ọwọ́ mi, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo lọ já ewúro.