Ọwọ́ Aránṣọ

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òyìnbó-Ní. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kò gé etí ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu rẹ̀ ló ń ṣeni léṣe.

Láràárọ̀ ni rédíò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní òwe Òyìnbó àti àkànlò èdè wọn. Olùkọ́ á kọ́kọ́ pa òwe, á wá ṣàlàyé rẹ̀. Òwe ni Òyìnbó-Ní máa ń gbọ́. Kó tó kan àlàyé, ẹ̀rọ ìgẹrun á ti máa ké lórí oníbàárà. Báyìí ni òwe ṣe kún inú rẹ̀ bámúbámú, láìsí ìtumọ̀ ẹyọ kan. Èyí kò dí i lọ́wọ́. Á tú wọn sí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tu ìyẹ́ adìẹ tán tó tún ń retí kó fò.

Ìyẹn ì bá má pa ẹnikẹ́ni lára, bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ fi aránṣọ tó wà lọ́ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣaya. Opó ni aránṣọ yìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, onígbàjámọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Òyìnbó ní abẹ́rẹ́ kan tó bọ́ sásìkò, mẹ́sàn-án ló ń gbà là."

Aránṣọ gbójú sókè. "Ta ló ní mò ń fi abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ṣòfò? Oníbàárà wo ló wá fẹjọ́ mi sùn yín?"

Onígbàjámọ̀ rò pé ojú ló ń ti obìnrin náà. Ó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. "Ẹ má bẹ̀rù. Òyìnbó ní ẹsẹ̀ yín ló tutù."

"Ẹsẹ̀ òkú ló ń tutù! Ọkọ mi ló lọ, èmi ṣì wà láyé. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Onígbàjámọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, alápatà ni, nídìí tábìlì ẹran. Aránṣọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ra ẹran.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá tọrọ ọwọ́ àbúrò yín."

Àáké alápatà dúró lókè. "Kí lo ní o fẹ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí Òyìnbó ti ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn."

"Ọwọ́ tó fi ń jẹun! Ọ̀tún ni àbí òsì? Ṣé kí n gé e lọ́rùn-ọwọ́ ni, àbí kí n bá ẹ já a léjìká?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo onígbàjámọ̀. Ó wá òwe nínú ara rẹ̀ títí: òkúta tó ń yí, ẹyẹ tó wà lọ́wọ́. Kò sí èyí tó lè gbà á sílẹ̀.

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni, ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, fèrèsé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá tíì ṣí, iṣẹ́ kì í yá mi."

Ẹ̀rín dá. Aránṣọ di ẹnu àpò ẹran rẹ̀.

"Ohun tó ti wà nínú yín látọjọ́ yìí nìyí, tí ẹ wá ń fi abẹ́rẹ́ gún mi kiri!" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ gbé àáké yẹn sílẹ̀. Ọwọ́ nìkan ò lè dá lọ sílé ọkọ. Àtọwọ́ àtẹsẹ̀ tútù, kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Inú onígbàjámọ̀ dùn, ó lanu. "Òyìnbó ní..."

Aránṣọ wò ó. Alápatà tún na ọwọ́ sí àáké.

"Òyìnbó ò sọ nǹkan kan," ni onígbàjámọ̀ wí.