Wàrà Alábá Rago àti Ọmú Ìyá Sikírù

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, mo pa nọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́ lónìí!

Ó dáa, àsọdùn ni.

Látìgbà Iléyá tí kókó ti yọ lọ́mú Ìyá Sikírù, ìyàwó mi, wàrà ọjà Alábá Rago ni mò ń rà fún un, mo sì ń mú un jókòó sóòrùn àárọ̀. Rédíò ló ní méjèèjì dáa fún ọmú.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn lónìí, nọ́ọ̀sì tẹ kókó náà wò. "Bàbá, wàrà àti oòrùn dáa fún ara, àmọ́ wọn kì í tú kókó. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó mú màmá wá."

Mo fi nọ́ọ̀sì ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ìyàwó mi kékeré, ṣé kí n ra wàrà tìẹ náà wá ni?"

Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Sikírù fà mí láṣọ. "Bàbá Sikírù, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi sọ nǹkan kan. "Ẹ pẹ́" tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ló padà wọ̀ mí lára, ẹkún ni mo bú sí níbẹ̀. Ẹni tó ní kókó lọ́mú ló ń fi gèlè nu ojú mi.