Ìbàdí Kan Tó Dá Dúró

Lásìkò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ń wá bí wọ́n ṣe máa ráyè lọ sí òkè òkun, èmi jókòó ní Àgbowó, mò ń wo ìbàdí àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Kì í ṣe ìwòkuwò. Inú fíìmù ẹ́ksíréè ni wọ́n wà. Màá to àmì kéékèèké yí etí egungun ká níbi tí itan ti wọ ìbàdí, kọ̀ǹpútà á pa ti gbogbo wọn pọ̀, á yọ ìrísí tó wà láàárín jáde, á wá fi hàn mí bí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí i. Nígbà tí ìyá mi wá kí mi láti Adó, tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé kò sí egungun mìíràn tó níyì ju ti ìdí lọ ni?"

Bódìjà ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ń gbé. Ọkùnrin gíga ni wọ́n, wọ́n sì máa ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tí àwọn gbá nígbà èwe ló fà á. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sín ìrìn wọn jẹ tí wọ́n bá ti kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná dé, èmi àti ọ̀gá sáré jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn lókè kí iná tó tún lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ìbàdí ṣù jọ sójú kan, àfi ọ̀kan tó lọ dá dúró bí ẹni tó bá ẹbí jà. Mo wo fíìmù rẹ̀. Orí itan tó yẹ kó rí róbótó ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, bí kò ṣe sí lára àwọn yòókù.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ eléyìí kúrò," mo ní. "Ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ni ín á máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.

"Èmi ni mo ni ín."

Mo wá ibi tí mo máa sá gbà, ṣùgbọ́n àga wọn ló dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni n óò bínú sí? Bọ́ọ̀lù kọ́; láti kékeré ló ti ń dùn mí. Ẹ̀rù dókítà ló ń bà mí, ni mo ṣe ti fíìmù mi bọ àárín ti àwọn yòókù. Mo rò pé kọ̀ǹpútà á kà mí mọ́ èèyàn."

"Ṣé kí n yọ ọ́, sà?"

"Fi mí síbẹ̀. Èèyàn náà ni mí."

Nígbà tí ọ̀gá délé, wọ́n sọ ọ́ fún ìyàwó wọn, ìyàwó náà kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kí wọ́n tó fi mọ́tò gbé ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun kan ní Ring Road. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ṣì lè dúró ná, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa lo ọ̀pá, kí wọ́n sì yéé gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ṣe gbé ọ́fíìsì ọ̀gá wá sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Àwa tá à ń sín wọn jẹ la ru ìwé wọn sọ̀kalẹ̀, títí kan àwọn ìwé tó dá mi lójú pé ọ̀gá kò ṣí rí, ọ̀gá sì jókòó sórí àga nísàlẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tuntun júwe ibi tá a máa gbé wọn sí.